Orúkọ Tí Ó Ti Rẹ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ Renée lórúkọ, òkú ọmọ ló wà níbẹ̀. Ibà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́dún tó ṣáájú, ni ìyá wọn bá ní kí wọ́n máa pe èyí tó tẹ̀ lé e ní Renée, ẹni tí a tún bí. Orúkọ àtijọ́ ni, láti inú èdè Látìn tí àwọn àlùfáà ń lò. Òun nìkan kọ́ ló ń jẹ́ ẹ lábúlé wọn ní Morvan, nílẹ̀ Faransé.

Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kí ìyá tó gé kéèkì, wọ́n á kọ́kọ́ dé ibojì ẹ̀gbọ́n náà. Bó bá jẹun tán, ìyá á ní, "O ṣeun. O jẹ tìrẹ, o jẹ tẹ̀gbọ́n ẹ." Bó bá húkọ́, ìyá á di àyà mú. Renée kò lè ronú àtilọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ó fẹ́ Aristide agégi, ó bímọ, ó dúró ti ìyá títí ó fi sin ín. Nígbà òtútù tó kọjá, ó sin Aristide náà.

Lọ́jọ́ Àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, òun àti Solène, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti tó bí, ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibojì ìdílé.

"Mémé," Solène pe ìyá àgbà rẹ̀, "obìnrin ni o! Renée la máa sọ ọ́. Orúkọ àwọn ìyá àgbà ló ń jà lóde báyìí."

"Bíi fìlà àlòkù?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín jàre. Ẹ̀yin la fẹ́ bu ọlá fún."

Renée jókòó sétí òkúta, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti rẹ orúkọ yẹn, ọmọ mi. Kò sinmi látọjọ́ tí wọ́n ti fún mi. Bẹ́ ẹ bá tún fún ọmọ yìí báyìí, Aristide ni n ó máa wá lójú ẹ̀. Mo mọ ara mi."

Omi lé ròrò sójú Solène. "Ṣé ká wá jù ú nù ni?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jù ú nù? Ṣebí wọ́n á gba orúkọ kejì lọ́wọ́ yín ní ọ́fíìsì ìlú. Ẹ fi síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní máa pè é níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn."

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ẹ wojú ọmọ ná."

Nígbà tí yìnyín bọ́, wọ́n gbé ọmọ náà dé. Capucine ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ òdòdó kan lásán. Renée wo ojú rẹ̀ títí. Ojú ọmọ tuntun ni, kò jọ ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lé àyà lórí àga Aristide, àwọn méjèèjì sì sùn lọ.