Iṣẹ́ Tí Mo Gbà ní Ilé Ìwòsàn Àwọn Tó Ń Wá Ọmọ

Mo rántí ìgbà tí gbogbo iṣẹ́ mi wà lójú fèrèsé kan ṣoṣo. Ilé ìyá ọkọ mi ni à ń gbé ní Osi, ojú fèrèsé pálọ̀ nìkan sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú dáadáa, nítorí náà ibẹ̀ ni mo gbé tábìlì mi sí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ mi á gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀bbò-Ayégúnlẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìyá rẹ̀ á gba oko lọ tàbí kó lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin, èmi á sì ṣí kọ̀ǹpútà mi. Òórùn gààrí tí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ń yan á máa gba ojú fèrèsé wọlé bá mi. Mo máa ń rò nígbà náà pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń da àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láàmú. Mi ò ní ọ̀gá, mi ò ní aago tí mo gbọ́dọ̀ bá, mi ò sì wọ bàtà ṣiṣẹ́ rí. Mo gbọ́n gan-an lójú ara mi.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún àwọn èèyàn láti gbà pé iṣẹ́ ni. Bí èèyàn bá ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ á sì to àwọn ojúewé tó bá ọ̀rọ̀ náà mu fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè ni wọ́n ń rí. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ dà bí ẹni tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú igbó. Èmi ni mo ń bá àwọn oníṣòwò gbé ojúewé wọn lọ sókè. Mo máa ń wádìí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀, màá sì kọ ojúewé tó dáhùn ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọkùnrin kan tó ń ta kọ́tìnì lókè òkun wà lára àwọn oníbàárà mi, obìnrin kan tó ń po ìpara irun ní Àbújá náà wà níbẹ̀, àti àwọn kan tó máa ń bá èèyàn kó ẹrù láti ìlú dé ìlú. Mi ò fojú kan ìkankan nínú wọn rí.

Ìyá ọkọ mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Ìyàwó mi, ùṣẹ́ kí lo ń ṣe gan-an nídìí ẹ̀rọ yìí?”

Mo ní, “Màmá, bí èèyàn bá ń wá nǹkan, èmi ni mo máa ń ṣe é kó lè rí i.”

Ó mi orí, ó ní ó dára. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni obìnrin kan láti ìjọ wọn kan ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní wọ́n sọ fún òun pé mo máa ń bá èèyàn rí nǹkan tó sọnù. Ewúrẹ́ rẹ̀ ni. Abo ni, dúdú, ó ní funfun létí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán fún un, ó wò mí tàánútàánú, ó ní, “Má mikàn, ìyàwó wa. Ọlọ́run á fún ẹ níṣẹ́ gidi.”

Inú ilé yẹn náà ni oyún méjì ti bọ́ lára mi. Èyí àkọ́kọ́ kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni nígbà tó lọ. Èkejì ti ń mira. Lẹ́yìn rẹ̀, mo pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì pẹ́ kí n tó tún ṣí i. Mo kọ̀wé sí àwọn oníbàárà mi pé ara mi ò yá, wọ́n ní kí n sinmi, ó tán síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi á gbé omi gbígbóná wá fún mi láàárọ̀, á dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á sì lọ. Ọkọ mi kò jókòó sí pálọ̀ máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé bí a kò bá sọ ọ́, yóò máa jìnnà sí wa díẹ̀díẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ yí padà. Àwọn ẹ̀rọ ìwáǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè fúnra wọn. Èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á kọ ìdáhùn sókè pátápátá, ẹni náà á kà á, á sì bá tirẹ̀ lọ láìṣí ojúewé ẹnì kankan. Ọkùnrin oníkọ́tìnì ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí mi kún fún ọpẹ́, bí èyí tí wọ́n máa ń kà fún ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Àwọn akẹ́rù tẹ̀ lé e. Onípara irun kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, ó kàn dákẹ́ ni. Mo ń jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́, mò ń tún ohun tí mo ti ṣe ṣe, kí ìyá ọkọ mi má bàa rí i pé ọwọ́ mi dilẹ̀. Ìgbà náà ló wá yé mi pé mo ní ọ̀gá tẹ́lẹ̀, wọ́n tiẹ̀ pọ̀. Mi ò kàn rí wọn ni.

Ọkọ mi ló rí ìkéde náà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn tó ń wá ọmọ lọ́wọ́, ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ojúewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí yóò jẹ́ tiwọn nìkan, tí yóò sì máa wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó nawọ́ fóònù rẹ̀ sí mi. Ó fi àtàǹpàkò fa ìkéde náà dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ wọn kò ní wọ́n bíi ti ará ìta.

Mo wò ó lójú. Ó ní, “Ìwọ lo mọ̀ o.”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ló ń sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, ìyá rẹ̀ bá mi gbé báàgì dé gáréèjì. Ó dúró títí mọ́tò fi kún. Ó ní, “Ulé á dákẹ́ o.” Mo ní, “Màmá, ọjọ́ Jímọ̀ kì í pẹ́ dé.” Bí mo ṣe rò ó nìyẹn lóòótọ́.

Mo gba yàrá kan nínú ọgbà Alájà kan tó ń ta aṣọ. Ó máa ń kan ilẹ̀kùn mi ní sààrì nígbà ààwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ó ní kò dáa kí èèyàn dá jẹun. Níbi iṣẹ́, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi mí sí, tábìlì mi kọjú sí ògiri. Ìsàlẹ̀ ni àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Bàtà tí mo rà fún iṣẹ́ náà bó mi lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ń buwọ́ lùwé tí mo bá dé, mo ń buwọ́ lùwé tí mo bá ń lọ, bí mo bá sì fẹ́ lọ ra oúnjẹ ọ̀sán, mo ní láti sọ fún ẹnì kan. Ọ̀gá mi, obìnrin tó ń bójú tó ìṣàkóso ilé ìwòsàn náà, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní sùúrù, ó sì máa ń yìn mí lójú àwọn ẹlòmíì.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí màá máa kà. Nígbà tí mo wà ní Osi, ohun tí mò ń rí ni “kọ́tìnì tí oòrùn kì í gbà wọlé” àti “irun tó ń já níwájú orí”. Níbí, bí mo bá ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀, ohun tí mo máa ń rí ni: “ṣé oyún tó ti ń mira lè bọ́.” “Ọkọ mi fẹ́ fẹ́ ìyàwó míì nítorí ọmọ.” “Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ìyá mi.” Iṣẹ́ mi ni kí n mọ èyí tó ń mú èèyàn wá jù, kí n sì kọ ojúewé fún un. Mo kọ wọ́n dáadáa. Àwọn tó ń wá sí ìsàlẹ̀ pọ̀ sí i. Ọ̀gá mi ní, “O ṣe ń kọ ọ́ bí ẹni pé o wà lára wọn?” Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.”

Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fún mi ni mo lò sórí abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò. Ọkọ mi máa ń wá láti Osi nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀, á jókòó sórí ìjókòó ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin yòókù, gbogbo wọn á máa wo fóònù wọn. Ọjọ́ tí èsì jáde, kò lè wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò. Nọ́ọ̀sì mú mi wọ yàrá kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ fún mi pé oyún náà kò dúró. Ó dì mí lọ́wọ́ mú díẹ̀. Kò sí ọjọ́ ìsinmi kankan tó ṣẹ́ kù fún mi, nítorí náà mo gun òkè padà. Ọ̀gá mi ti pe ìpàdé. Mo jókòó níbẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún wọn èyí tó ń mú èèyàn wá jù nínú àwọn ìbéèrè oṣù yẹn.

Lẹ́yìn ìpàdé ni ìyá ọkọ mi pè. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un. Ó ní, “Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Màmá.”

“Kí lo jẹ?”

Mo di fóònù mú mọ́ etí. Òun náà kò pa tirẹ̀.

Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, mo wà ní ìsàlẹ̀, mò ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù bákan náà. Bí mo ṣe parí ni obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní, “Àǹtí, ó hàn lẹ́nu yín pé ọ̀dọ̀ wa lẹ ti wá. Òkè-Òpin ni tèmi.” Ó jù mí lọ díẹ̀. Òun nìkan ló wá. Ó ní ọmọ àbúrò òun ló ka ojúewé kan fún òun lórí fóònù, òun sì ní kó tún un kà. Ó ní, “Ẹni tó kọ ọ́ mọ nǹkan yìí lára. Mo ní ibi tírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà ni kí n lọ.” Ó wá wo aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Ó ní, “Ṣé ẹ mọ ẹni náà?”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

“Ó ti bímọ?”

Mo lè sọ pé iṣẹ́ ń dúró dè mí lókè. Mo jókòó tì í. Mo ní, “Rárá. Ó gbìyànjú níbí, kò dúró.”

Ó ní, “Ẹ bá mi kí i.” Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wọlé lọ bá dókítà. Mi ò mọ bí tirẹ̀ ṣe rí. Mi ò tún rí i mọ́.

Mo gun òkè, mo ṣí ojúewé náà, mo fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un: pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbìyànjú ló ń rí ọmọ gbà, pé ọ̀pọ̀ ló ń padà sílé bẹ́ẹ̀, pé kí ẹni tó bá ń bọ̀ má dá wá. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí ọ̀gá mi fi pè mí. Ó ní, “A kì í parọ́ fún wọn. Dókítà máa ń sọ fún wọn bí wọ́n bá dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ka èyí nílé, wọn ò ní dé rárá.” Ó yọ méjì kúrò, ó fi èyí tó ní kí wọ́n má dá wá sílẹ̀. Nígbà tí mò ń ṣe tara mi, mo lè fi oníbàárà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí n wá òmíràn. Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà,” mo sì padà sídìí tábìlì mi.

Ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. A kò gbìyànjú ìtọ́jú náà lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó pẹ́, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ sílé mọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Osi máa ń bá mi yọ̀ pé mo ti ríṣẹ́, bí ẹni pé òkúta ni mò ń ṣà tẹ́lẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Owó oṣù ń wọlé, bàtà kò bó mi lẹ́sẹ̀ mọ́. Bí mo bá sì bi ara mi léèrè pé ṣé mo kábàámọ̀, mi ò mọ apá ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀.

Àjíǹde tó kọjá yìí ni mo lọ sílé. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, èmi àti ọkọ mi jókòó síta. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó bi mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ náà, pé kí ni àwọn èèyàn máa ń tẹ̀ gan-an. Mo sọ díẹ̀ fún un. Ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ. Mo sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ mí.

Ó ní, “Mo rò pé àwa nìkan ni.”

Ó wá sọ fún mi, láìwò mí, pé òun ti fún èkejì lórúkọ nígbà tó ń mira. Mo bi í pé kí ni orúkọ náà. Ó sọ ọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun nìkan ló ń pè é nínú ara rẹ̀, nídìí pátákó, lórí ọ̀kadà, lórí ìjókòó ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn wa. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n èmi náà ti mọ̀ ọ́n báyìí.