Ìgbà Ni, Kì í Ṣe Igbá

Fóòmù méjì ló dí fèrèsé yàrá mi lọ́sẹ̀ náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé wọn síbẹ̀, nítorí náà n kò lè bá ẹnikẹ́ni jà nípa ooru. Orúnkún mi ti wú láti ìgbà tí mo ti ṣubú, àtẹ̀gùn ilé wa ní àdúgbò Gbégamey sì ga. N kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ni ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń ra búrẹ́dì, òun ló ń gbé omi wá sókè.

Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń kọrin. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ọ̀kan ń ta gìtá, èkejì ń lu batirí, ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù. Wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè ti múra sílẹ̀ ju yàrá mi lọ, wọ́n sì fẹ́ ṣeré ní ilé ọtí kan ní àdúgbò Jonquet lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà àkọ́kọ́ wọn. Bàbá onílé ti sọ ọ́ gbangba: bí òun bá tún gbọ́ ariwo, kí ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀. Bó bá lọ, ta ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ fún mi? Bí mo bá sì ní kó dákẹ́, orin náà kú nìyẹn. Ìdí tí a fi gbé fóòmù dí fèrèsé nìyẹn.

"Tanti, ẹ má pè é ní ariwo," ó ní, ó ń nu òógùn. "Orin méjì ló fẹ́ra wọn."

Mo ní kó ṣàlàyé lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan nílùú òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n ń pè ní pọ́ńkì: wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ gìtá, inú ń bí wọn, orin wọn kúrú, ó sì yára. Àwọn onímẹ́tàlì, ìyẹn olórin irú mìíràn, ní tiwọn fara balẹ̀ kọ́ gìtá. Orin wọn wúwo, ó sì gùn. Bí wọ́n bá pàdé nínú gbọ̀ngàn kan, ìjà ni. Títí àwọn kan fi mú ìyára ti àkọ́kọ́, tí wọ́n gbé ìwúwo ti èkejì lé e lórí. Nígbà tó yá, ohùn akọrin di bíbú ramúramù, orin á sì ṣàdédé falẹ̀ láàárín kí àwọn èèyàn lè fò sókè.

"Bí àwọn ọmọ Kétu àti Ṣábẹ̀ ní kíláàsì tí mo ń kọ́," mo ní. "Wọ́n ń fi èdè ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, títí wọ́n fi jọ gbá bọ́ọ̀lù."

"Ó jọ ọ́, Tanti. Àmọ́ tiwa le jù ú lọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Bàbá onílé ni. Wọ́n dáwọ́ orin dúró.

"Madáàmù, ẹ kú ìjókòó. Igbá ta ló sọnù?"

"Igbá kẹ̀, Bàbá?"

"Láti àárọ̀ ni ọmọ yín ti ń ké: igbá wa dà, igbá wa dà! Ìyàwó mi ti tú gbogbo ilé ìdáná. Kò sí igbá yín níbẹ̀."

Onígìtá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ìgbà ni, Bàbá! Ìgbà wa dà? Ìgbà tiwa, àwa ọ̀dọ́!"

"Kí ló wá dé tí mo gbọ́ igbá?"

Mo mọ ohun tó fà á. Bíbú ramúramù kò ní òkè, kò ní ilẹ̀. Ó gba àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀. Kò ṣe òyìnbó ní nǹkan kan. Lẹ́nu tiwa, ìlàjì ọ̀rọ̀ ló lọ yẹn. Mo sọ fún ọmọ náà pé kí gìtá kọ́kọ́ dákẹ́, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ohùn èèyàn, kó tó bú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá gbọ́ ọ kedere wàyí, ó di ilẹ̀kùn mú. "Ó dára," ó ní. "Títí di Sátidé. Lẹ́yìn náà, ọmọ lè dúró, ṣùgbọ́n ìlù yẹn gbọ́dọ̀ jáde nílé mi."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Jonquet pẹ̀lú ìkánjú, wọ́n gbàgbé fóòmù lójú fèrèsé. Mo fà á, orúnkún mi kọ̀. Mo jókòó sínú ooru, mo sì ké e síta, pẹ̀lú ohùn tó yẹ ẹ́ gan-an: "Ìgbà wa dà?"

"Ẹ wò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Madáàmù!" Bàbá dáhùn láti ìsàlẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Igun tí batirí wà ti ṣófo. Mo tún un sọ, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n má baà tún tú ilé ìdáná.