Ibi Tí Túndùn Rì Ìwọ́ Ọmọ Rẹ̀ Sí

Àwọn tí kò mọ Túndùn ń sọ pé ojúkòkòrò ilé ńlá ló gbé e dé Frisco, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas. Irọ́ ni. Èmi tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan náà ní Dallas mọ ohun tó lé e. Òun àti Reuben ọkọ rẹ̀ ti gbé nínú yàrá abẹ́ ilé Bùọ̀dá Enoch, ẹ̀gbọ́n Reuben, ní Baltimore. Bùọ̀dá Enoch ló kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà nínú ẹbí wọn, ó sì ṣe wọ́n lóore. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò dáná, ìgbà tí wọn yóò paná, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn yóò máa lọ. Túndùn fẹ́ ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa tì.

Ni wọ́n bá di ẹrù sínú mọ́tò, wọ́n gbé Dámi ọmọ wọn sẹ́yìn, wọ́n kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Ìyà jẹ wọ́n, n kò ní parọ́. Mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ibi gbogbo sì jìnnà. Túndùn á kọ́kọ́ gbé Reuben lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Grand Prairie kó tó wá bá wa ní wọ́ọ̀dù. Yìnyín tó tó ẹyin adìẹ fọ́ gíláàsì mọ́tò náà, ó tún ba òrùlé jẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn á là débi pé ẹsẹ̀ Dámi há sínú rẹ̀. Ewúro tí Túndùn gbìn kú, ó gbin òmíràn, ìyẹn náà kú. Mo ní kó fi sílẹ̀.

"Nínú èmi àti ilẹ̀ yìí," ó ní, "ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ́ Dámi níléèwé nípa àwọn ìdílé àtijọ́ tó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀ oòrùn. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Mommy, why didn't they just go back when it got hard?"

Túndùn ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. "Ta ló sọ fún ẹ pé ibi tí wọ́n ti wá dùn?" Ó tún bi í bóyá tíṣà sọ fún wọn pé àwọn onílẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí àwọn yẹn tó dé.

Lọ́dún yìí ló bí Bólúwatifẹ́. Bùọ̀dá Enoch wọ bàálù wá fún ìsọmọlórúkọ. Nínú ẹbí wọn, abẹ́ igi ápù tó wà lẹ́yìnkùlé Bùọ̀dá Enoch ni wọ́n ń rì ìwọ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà sí. Ti Dámi wà níbẹ̀. Ibi tí ìwọ́ ẹni bá wà, ibẹ̀ nilé ẹni. Bí Bùọ̀dá bá gbé ti ọmọ yìí lọ, Frisco di àgọ́ nìyẹn, ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò pè wọ́n padà. Ó sì ti ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àlejò tú ká, ó nawọ́. "Ìyàwó, gbé ìwọ́ yẹn wá kí n fi í sínú báàgì. Àjò ò lè dùn kí onílé má relé."

Túndùn kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá. Ilé ọ̀hún la wà yìí."

"Lórí ilẹ̀ tó ń là yìí? Reuben, bá ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀."

Reuben ń wolẹ̀. Inú bí mi sí i.

"Bùọ̀dá, níbo ni wọ́n rì ìwọ́ tiyín sí?" Túndùn ló bèèrè.

"Ìsẹ́yìn. Kí ló dé?"

"Tàwọn ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ẹ gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn?"

Túndùn dìde, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó fi ìwọ́ náà sí etí ìró, ó sì mú ṣọ́bìrì jáde sẹ́yìnkùlé tòun ti aṣọ ìkómọ lọ́rùn. Ó gbá ṣọ́bìrì mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ kò mira. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ni mí. N kò dá a dúró.

"Ilẹ̀ yìí ò fẹ́ yín," Bùọ̀dá sọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò fẹ́ ẹnikẹ́ni, Bùọ̀dá. Àwa la fẹ́ ẹ."

Ìgbà náà ni Reuben kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀bá ewúro kẹta, èyí tó gbà láti hù. Nígbà tí ihò náà jìn tó, Túndùn tú etí ìró rẹ̀. Bùọ̀dá Enoch ti wọlé lọ.

Dámi dúró, ó ń wò wọ́n. "Mommy, mine is in Baltimore. So I'm not from here?"

Túndùn nu òógùn ojú rẹ̀. "Ìwọ la gbé rìn wá síbí. Àbúrò ẹ la fi jókòó."

Ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà dé, ó sì wá gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.