Ohun Tí Ẹ Bá Sọ Ni Mo Máa Kọ

Bí mo bá ti rí bírò tí wọ́n fi há etí, obìnrin ìjọba yẹn ni mo máa ń rántí. Ó wá sí àdúgbò wa, Ọjà Tuntun, láti bi wá léèrè oògùn tí à ń rà, kí ìjọba lè mọ èyí tí wọ́n máa kó sí ọsibítù wa.

Ta ló ń tú àìsàn ilé ẹ̀ fún àlejò? Mo ní, "Alihamudulilahi! Ẹ̀fọn tó bá jẹ wá nílé yìí, ẹ̀fọn yẹn ló ń ṣàìsàn."

Ó rẹ́rìn-ín títí bírò fi já bọ́ létí ẹ̀. "Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa kọ o, Bàbá." Ó kọ òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò ṣe dá a lóhùn.

Ìyàwó mi wà ní yàrá, ó ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì.

Nígbà tí oògùn yẹn wọ́n gógó ní kẹ́míìsì, a lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ìjọba ò kó o wá, pé kò sẹ́ni tó ń lò ó ládùúgbò wa. Ìyàwó mi ò rí òpin ọdún.

Obìnrin náà tún dé lọ́dún yìí. Mo ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Ta ló ń lò ó nílé yìí, Bàbá?"

N ò purọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo ní, "Ìyàwó mi ló ń lò ó kó tó kú." Ó fi bírò há etí padà, ó sì jókòó tì mí.