Igbá Tíṣà Ọ̀ṣuntókun Lórí Omi Àwẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Tíṣà Ọ̀ṣuntókun ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti bú u. Ẹ ṣáà sọ pé omi Àwẹ̀rẹ̀ kò dé ibì kankan. Omi kékeré ni Àwẹ̀rẹ̀ o. Inú àpáta ló ti ń sun, ó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ilé Tíṣà kọjá, ewúrẹ́ lè fò ó láìsáré. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì, lọ́dọọdún ló sì ń ya omi yìí sójú pátákó: "Àwẹ̀rẹ̀ bọ́ lórí òkè, ó pàdé omi méjì lọ́nà, wọ́n wọ Ògbèsè lápá Ìsẹ̀." Ọmọ tí kò bá lè kà á lórí, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò wà títí aago yóò fi lù.

Jacob ló dá wàhálà sílẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, òun àti Tíṣà jọ ka ìwé mẹ́fà, oko rẹ̀ sì wà lọ́nà Ìsẹ̀. Níbi ìpàdé àwọn ọkùnrin ìjọ, ó dìde fùú.

"Tíṣà, àbàtà ẹ̀yìn oko mi ni Àwẹ̀rẹ̀ rẹ ń kú sí. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń mu ún tán. O kàn ń parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Tíṣà wọra. Ó ní bí òun ò bá fi hàn pé Àwẹ̀rẹ̀ dé Ògbèsè kó tó di ọjọ́ Ìkórè, òun yóò dúró níwájú ìjọ, òun yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí òun ti kọ́ rí.

Ló bá wá kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí wọn lára gàdàgbà, ó jù wọ́n sómi, ó gun ọ̀kadà lọ jókòó sí afárá Ògbèsè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ò dé. Àwa ará ibí kẹ̀! Ta ni yóò rí kẹ́ẹ̀gì tó dáa lójú omi tí kò ní yọ ọ́? Nígbà tí Tíṣà ń padà bọ̀, ó rí obìnrin kan tó ń ta epo pupa nínú "Ọ̀ṣuntókun". Ó tún ju bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ilé ìwé gbá a lọ. Ó wá ju bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ọkùnrin kan gbé e wá bá a nílé, ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kejì ta òun lọ́rẹ.

Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́rin. Tíṣà jókòó, ó ń ronú: kí ni ará Èkìtì yóò rí lójú omi tí kò ní fọwọ́ kàn? Bó ṣe rí ìdáhùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó mú igbá, ó bu epo pupa sí i, ó fi àkàrà mẹ́ta lé e, ó ya díẹ̀ lára kọ́tìnì pupa Ìyá Àánú, aya rẹ̀, ó so ó mọ́ ọn. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sára igbá kí Jacob má baà jiyàn, ó sì gbé e lé omi. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà, ibà dá Tíṣà dùbúlẹ̀, kò lè lọ ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Tíṣà wọ agbádá, ó ki ìwé àforíjì sápò, ojú rẹ̀ fà ro. Kó tó dìde, Pásítọ̀ ti pariwo: "Ẹ gbàdúrà! Àwọn ọ̀tá ti fi orúkọ Bàbá Tíṣà wa rúbọ!"

Yéè! Ìyá Àánú ṣubú lulẹ̀, ó ń ké. Jacob jáde síwájú láti jẹ́rìí, omi ń bọ́ lójú òun náà.

"Ojú mi báyìí ló ṣe! Mo ń fọ ẹsẹ̀ ni, igbá ń bọ̀, aṣọ pupa, àkàrà, orúkọ ọ̀rẹ́ mi! Mo sá, n ò mú bàtà!"

Tíṣà gbórí sókè. "Jacob, níbo lo ti ń fọ ẹsẹ̀?"

"Abẹ́ afárá Ògbèsè."

"Tún un sọ."

"Ògbèsè, mo ní!"

"Ó dé!" Tíṣà fò sókè. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dé Ògbèsè!"

Ìjọ rò pé ìdáǹdè ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ké halelúyà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, títí Tíṣà fi jẹ́wọ́ pé òun lòun gbé igbá náà sómi. Ìyá Àánú dìde nílẹ̀, ó nu ojú.

"Bàbá Àánú, aṣọ pupa wo lẹ lò?"

Tíṣà yọ ìwé àforíjì lápò, ó fi bírò pa "Àwẹ̀rẹ̀" rẹ́, ó kọ "igbá" síbẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ìjọ láti kà á.

Kò tíì ka ìlà kan tán tí obìnrin kan láàárín àwọn akọrin, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, fi la ẹnu: "Àwẹ̀rẹ̀ bọ́ lórí òkè..."

"Ó pàdé omi méjì lọ́nà," ni àwọn tó wà lẹ́yìn fi gbè é. Àwọn ìyá, àwọn bàbá, olórí akọrin, ọlọ́kadà tó gbé e lọ sí afárá, gbogbo wọn kà á dé òpin. Jacob náà ń kà á, ó ń ṣi í kà.

Tíṣà sunkún lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. "Jacob," ó ní, "kúnlẹ̀ títí o fi máa mọ̀ ọ́n."

Jacob sì kúnlẹ̀ tì í.