Ta Ni Yóò Gbé Jẹ́jẹ́?

Ọjọ́ tí ejò Bàbá Sàkáríyà bu Àzízì jẹ ni gbogbo ìlú Kambolé, ní Tógò, gbà pé òfin ọkùnrin náà kì í ṣe eré.

Ọjọ́ Iléyá ni. Àzízì, tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní àdúgbò Kouloundè ní Sokodé, wá kí Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó jẹ itan àdìẹ tán, ó nuwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní òun fẹ́ gbé ejò.

"Lọ fọwọ́," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ça va, mo ti nù ún."

"Mo ní kí o lọ fọwọ́."

Kò fọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́ sínú àpótí láti òkè, Jẹ́jẹ́, ọmọ òjòlá tí kò tíì gùn tó apá ènìyàn, sì gbá àtàǹpàkò rẹ̀ mú. Igbe Àzízì pọ̀ débi pé àgbò tí ará ilé kejì fẹ́ pa já okùn, ó sá wọ inú oko. Bàbá Sàkáríyà rọra ń da omi tútù sí ẹnu ejò títí ó fi tú u sílẹ̀.

"Kò bù ọ́ jẹ," ló wí, láìrẹ́rìn-ín rárá. "Àdìẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ ló bù jẹ. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀."

Inú ebè iṣu, lọ́nà Koussountou, ni Bàbá ti fi ọkọ́ ha ejò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kó pa á. Ó ní ẹni tó ṣe é léṣe ló yẹ kó wò ó sàn. Bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Jẹ́jẹ́ bá jẹun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e fún ọjọ́ méjì. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú torí pé ó fẹ́ bọ́ awọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó fọwọ́, kó ti ilẹ̀kùn, kó jókòó sílẹ̀, kó ti ẹ̀gbẹ́ wá, kó fi ọwọ́ méjèèjì gba gbogbo ara rẹ̀.

"Àṣá ló ń ti òkè wá," ló máa ń sọ. "Má dì í mú. Jẹ́ kó gbé ara rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́."

Nígbà tó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Tchamba, ọlọ́pàá kan ní kó tú àpò rẹ̀ wò.

"Ọ̀gá chef, ẹ ti fọwọ́ bí?" ni Bàbá bi í.

Ọlọ́pàá yọjú sínú àpò. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó padà, ó sì lọ dúró sábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà.

Hàbíbátù, ìyàwó Bàbá tó ń dín ẹja tà, nìkan ni kò fọwọ́ kan Jẹ́jẹ́ rí. "Kí n torí ejò fọwọ́ bí ẹni fẹ́ kírun? Láéláé!" Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ ejò yìí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù.

"Ìyá Làtífátù," ló pe ìyàwó rẹ̀, "bí mo bá lọ, ta ni yóò gbé Jẹ́jẹ́?"

"Àdá ni yóò gbé e."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri.

Kí Ọlọ́run forí jì í, kò pẹ́ tó fi lọ. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ilé kún fọ́fọ́. Ẹnì kan sún àpótí kí ó lè rí ibi tẹ́ ẹní, ìdérí yẹ̀, Jẹ́jẹ́ sì jáde sáàárín àlejò. Alfa gun orí àga tòun ti tẹ̀sùbáà. Bìlálì, àbúrò olóògbé, fa àdá yọ.

"Bìlálì, gbé àdá yẹn sílẹ̀," ni Hàbíbátù wí.

"Ìyàwó wa, ejò ni o!"

"Mo mọ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ fún mi lómi àti ọṣẹ."

Ó fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí òórùn ẹja. Gbogbo ilé dúró dè é. Ó jókòó sílẹ̀, ó ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kò dì í mú. Jẹ́jẹ́ fi ahọ́n tọ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, ó wá rọra wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń wé mọ́ ti Bàbá Sàkáríyà.

Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, Hàbíbátù kò tíì sunkún. Ìgbà yìí ni omijé dé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èjìká rẹ̀ mì, kí ẹ̀rù má bàa ba ejò náà. Nígbà tó gbójú sókè, Àzízì ti wà nídìí omi, ó ń fọwọ́ tirẹ̀.