Lẹ́tà Tí A Fi Dá Kàósárà Dúró

Kàósárà kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní àárín ọ̀nà, nínú mọ́tò tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa fi ń sáré gbé e lọ sí Òṣogbo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Àgùnbánirọ̀ ni, Ìlọrin ni wọ́n ti rán an wá fi ọdún kan sin orílẹ̀-èdè ní abúlé wa, lẹ́yìn Iléṣà. Ṣé ẹ ti gbọ́ ìlú tó fẹ́ràn ọmọ títí ọmọ fi kú? Ẹ wá wò wá.

Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọdún mẹ́rin gbáko ni a kò ní olùkọ́ ìṣirò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, èkùrọ́ ló kó dání, ó ní kí àwọn ọmọ máa pín in títí tí kò fi ní ṣẹ́kù. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń sá fún ìṣirò fi ń jà du àga iwájú. Súwẹ́tà kì í kúrò lára rẹ̀, òòrùn ìbáà mú. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òtútù Ìjẹ̀ṣà ń dà á láàmú, ẹ̀rín ló sì fi ń dá wa lóhùn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí.

Fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí kì í fẹ́ òtútù, ló ń bá a fínra láti kékeré. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àgùnbánirọ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí Òṣogbo, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà, tí Nọ́síràtù, àbúrò bàbá rẹ̀, sì ń gbé nítòsí, ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ó fi ìwé dókítà tì í. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe oore. Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, gbọ́ pé ó fẹ́ lọ, ló bá sáré wá sí ìpàdé ìlú. Ṣé a béèrè ohun tó ń lé e lọ? Rárá o. Àwọn àgbà sọ pé abúlé wa ti di ulé rẹ̀, pé gbogbo àgùnbánirọ̀ ló ń wá àwáwí lọ sí ìgboro. Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ lẹ́tà bẹ ọ́fíìsì kí wọ́n má mú un lọ.

Èmi ni akọ̀wé. Mo kọ ọ́, ó sì dùn. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló buwọ́ lù ú.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì yẹn, tí kò kọ orúkọ, so lẹ́tà wa mọ́ ìwé dókítà, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: "Ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó dúró." Ṣé ìlú ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni? A kì í fini joyè àwòdì kí a má lè gbádìẹ. Kí ni wọ́n fi òṣìṣẹ́ yẹn síbẹ̀ fún, bí kò bá lè ka ìwé dókítà?

Wọ́n dá ìwé náà padà fún Kàósárà. Lọ́sẹ̀ yẹn ló wá sílé mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo rí lẹ́tà yín. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀."

Mo rò pé ó wá dúpẹ́ ni. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní ọmọ wa ni, mo ní kí wọ́n fún un ní iṣu mẹ́ta. Ó dúpẹ́, ó gbé iṣu lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò pa á nígbà tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, àìsàn náà sì gbé e dè. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kí Nọ́síràtù. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi. Ó mú lẹ́tà wa jáde nínú báàgì ọmọ náà, ó wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Ọwọ́ yín dára o, sà."

Ó ká a padà sínú báàgì. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ní báyìí, ìlú fẹ́ fi orúkọ Kàósárà pe kíláàsì kan. N kò ní buwọ́ lu ìyẹn. Kí ọ́fíìsì kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹni tó ni bírò pupa, kí ó wá ṣàlàyé irú ojú tó fi ka ìwé dókítà. Àgùnbánirọ̀ yòówù tó bá kọ̀wé nítorí àìsàn, dókítà ni kó ka ìwé rẹ̀, kí èsì sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi àti àwa mọ́kànlélógún lọ jókòó níwájú ìdílé ọmọ náà, kí a dáhùn. Kí ẹnikẹ́ni má fi kádàrá bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn ó kọ́kọ́ pè, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà: Ọdúntán, akọ̀wé ìlú. Mo wà nílé.